Ẹ gbà mí o: báwo lẹ ṣe ń mọ kíì orin blues kí ẹ tó gbé hámóníkà sẹ́nu?

ỌmọLàfẹ́nwá · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Oṣù kejì rèé tí mo ti ra hámóníkà oníhò 10 kan, C ni wọ́n kọ sí i lára. Mo ti lè fọn orin ọmọdé díẹ̀ àti orin ìyìn méjì-mẹ́ta, ìyàwó mi ò sì lé mi jáde sí ẹ̀yìnkùlé mọ́ bí mo bá ti gbé e sẹ́nu. Ṣùgbọ́n blues ni mo torí ẹ̀ rà á, blues náà ló sì ń fi ojú mi rí màbo.

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Àsẹ́rò: onígìtá méjì, ẹnì kan tó ń lu àpótí, àti èmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá onígìtá kan ní "kíì C", ìyẹn ni pé C ni ohùn tí orin náà fi ṣe ilé. Inú mi dùn, mo ní ọjọ́ mi dé. Mo fọn hámóníkà C mi sí i. Kò kọlu orin náà o, ṣùgbọ́n ó dún bí ìgbà táwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bá ń kọrin àárọ̀ lórí ìlà. Onígìtá kejì bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní F ló yẹ kí n mú wá. F báwo? Orin wà ní C, kí ni F ń wá níbẹ̀?

Bí mo bá dá wà nílé tí mo tan orin lórí fóònù, ńṣe ni mò ń táràrà káàkiri inú ihò. Bí mo bá rí ohùn kan tó bá a mu, màá rò pé mo ti rí kíì. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹ̀ á tún ti dàrú. Mo gba áàpù kan tó ní òun máa ń dárúkọ kíì, ohun tó wí àti ohun tí onígìtá wí ò bára mu rárá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ̀ ọ́n?

AṣòroPa · Ajé, 8:31 alẹ́

Ra méjèèjìlá. Èyí tí kò bá bú ẹ nínú wọn, òun ni. 😂

GìtáÌbarà · Ajé, 9:02 alẹ́

Àbúrò, jẹ́ kí n gbà ẹ́ lọ́wọ́ AṣòroPa. Onígìtá tó dárúkọ F yẹn ò ṣì ẹ́ lọ́nà. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ni pé ó rẹ́rìn-ín, kò ṣàlàyé.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára hámóníkà kọ́ ni orúkọ orin tó dáa jù láti fi ṣe blues lórí ẹ̀. Gbé C rẹ yẹn dání. Bí o bá fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ihò 1 dé 10, ohun tí wàá gbọ́ ni C E G, C E G, C E G, C. Bí o bá fà á sínú, D G B D F A B D F A ni. Wo ihò mẹ́rin àkọ́kọ́ ní fífà: D, G, B, D. Kọ́ọ̀dù G (àwọn ohùn tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) nìyẹn, odindi, wọ́n tò ó sílẹ̀ dè ẹ́. Fà 5, ìyẹn ihò karùn-ún ní fífà, jẹ́ F, ohùn tó ń sọ G di G7. Àwọn ihò tó ṣeé bẹ́ńdì (kí o fi ẹnu tẹ ohùn wọn wálẹ̀) ní fífà, ìyẹn 1, 2, 3, 4 àti 6, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kó jọ sí. Fà 3 jẹ́ B. Tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ di B flat, ẹkún dé nìyẹn.

Ìdí rèé tí àwọn onífèrè blues fi ń fi fà 2 ṣe dò. Lórí C, fà 2 jẹ́ G. Nítorí náà, hámóníkà C, orin G. Wọ́n ń pè é ní cross harp, àwọn kan a ní second position. Èyí tó o ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, C lórí C, first position ni. Kò burú, ṣùgbọ́n E flat tó máa mú orin C sunkún, lókè lọ́hùn-ún lórí ihò 8 ni o ti máa bẹ́ńdì rí i, ní fífẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò tíì débẹ̀. Òun ló jẹ́ kó dún bí orin jẹ́lé-ó-sinmi sí ẹ létí.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Dárúkọ orin, kí o ka lẹ́tà mẹ́rin, òun fúnra ẹ̀ ni àkọ́kọ́. Orin G: G, A, B, C. Orin E: E, F, G, A, mú hámóníkà A. Orin A, mú D. Orin C, mú F, bí wọ́n ṣe wí fún ẹ. Ó tán.

Adélù · Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, márùn-ún ni wọ́n ní kí èmi máa kà. C, D, E, F, G. Ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì í kà.

GìtáÌbarà · Ajé, 9:26 alẹ́

Ara hámóníkà ni ìwọ ti bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, o sì ń lọ bá orin. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ara orin, mo ń lọ bá hámóníkà. Ọ̀nà kan náà ni, ìwọ ń lọ, èmi ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi márùn-ún rẹ yìí ka orin G, D ló máa gbé jáde lápò, á sì kan àbùkù níwájú àwùjọ. Mo ti rí i rí.

ÌyáAkọrin · Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Lẹ́tà ni gbogbo yín ń kà láti àná, kò sẹ́ni tó sọ bí ọmọ yìí ṣe máa mọ lẹ́tà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹni tí ò tíì mọ ilé, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà ilé ṣe?

Ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti dàgbà, ní Aké níbí. Dùùrù máa ń bàjẹ́, NEPA máa ń múná lọ, ìsìn ò ní dúró. Nítorí náà ọ̀fun la fi kọ́ wa. Tan orin náà, má fọwọ́ kan hámóníkà. Jẹ́ kó kọ ẹsẹ méjì tó já gaara. Lẹ́yìn náà pa fóònù lójijì, kí o sì kùn ohùn kan péré, èyí tí ọkàn rẹ máa balẹ̀ sí, bí ẹni pé o ń ṣe Àmín. Òun ni dò. Má lọ mú ohùn tí akọrin fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ orin ni kì í ti dò bẹ̀rẹ̀. Láti orí ohùn tó o kùn yẹn, kọ dò re mí fá sọ́ lọ sókè, kí o tún sọ̀ kalẹ̀. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, o rí i. Bó bá ń gún ẹ lọ́fun, tún un kùn.

Kí o di ohùn yẹn mú, kí o wá a lórí hámóníkà tàbí lórí kíbọ́ọ̀dù ọmọ aládùúgbò. Lẹ́tà rẹ nìyẹn.

Nípa kíkà, ẹ jẹ́ ká fi sọ́fà kà á, nítorí lẹ́tà yín máa tan yín jẹ. Ẹni tó bá ka mẹ́rin láti F, á ní F, G, A, B. Irọ́ ni, B flat ni. Ọ̀fun kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Dò orin lo ti rí yẹn, kọ ọ́ dé fá. Fá orin ni orúkọ hámóníkà. Bí hámóníkà lo bá sì ní lọ́wọ́ tó o fẹ́ mọ orin tó bá a mu, sọ́ rẹ̀ ni dò orin. Ìwé orin àtijọ́ náà, òkè níbẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, "Doh is G", kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

ỌmọLàfẹ́nwá · Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Mọ́mì, ẹ ṣeun gan-an. Fá orin ni orúkọ hámóníkà. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri.

BéèsìKékeré · Ìṣẹ́gun, 1:17 ọ̀sán

Mo kí Mọ́mì o, ṣùgbọ́n mo ní àtakò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àmín yẹn dáa fún orin ìsìn. Blues lè fi í gbá yín lójú.

Báà 12, ìyẹn ìpín ìlù mẹ́rin-mẹ́rin méjìlá, ni blues tó wọ́pọ̀ máa ń ní nínú ẹsẹ kan. Báà mẹ́rin lórí dò, méjì lórí fá, méjì lórí dò, ọ̀kan lórí sọ́, ọ̀kan lórí fá, méjì lórí dò. Ṣùgbọ́n báà kejìlá yẹn, wọn kì í sábà jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á tún gbé e lọ sórí sọ́ láti fi pe ẹsẹ tó ń bọ̀. Bí ọmọ yìí bá pa fóònù síbẹ̀, sọ́ ló máa kù sí i létí, á rò pé òun ló jẹ́ dò. Ẹni tó bá ní kí n dúró dìgbà tí orin bá parí, ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù ni kì í parí, wọ́n kàn ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí a ò fi ní gbọ́ wọn mọ́.

Ohun témi máa ń ṣe ni kí n gbójú fo akọrin, kí n gbé etí lé béèsì. Ibi tí béèsì bá tẹ ẹsẹ̀ sí nígbà tí akọrin bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, dò ni. Máa ka báà. Tó bá di báà karùn-ún, béèsì á ṣí kúrò níbẹ̀, ibi tó ṣí lọ yẹn ni fá. Ẹ sì wo ohun tí Mọ́mì wí: fá orin ni orúkọ hámóníkà! Ìyẹn ni pé béèsì fúnra ẹ̀ máa dárúkọ hámóníkà fún ẹ ní báà karùn-ún. Àwọn orin kan kì í dúró di ìkarùn-ún, báà kejì ni wọ́n ti máa ń sáré yà síbẹ̀ kí wọ́n tó padà. Fá kan náà ni.

Bí fóònù rẹ ò bá gbé béèsì jáde, wá gbohùngbohùn etí tó gidi. Agbọ̀rọ̀ fóònù lásán ò ní béèsì nínú.

ÌyáAkọrin · Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

BéèsìKékeré, o jàre. Ẹsẹ méjì ni mo wí, n kò ní ìparí ẹsẹ, ṣùgbọ́n mo gbà pé n kò là á yé e. Kó pa á sí àárín ìlà àkọ́kọ́ nígbà náà. Kó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta ní ibi mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ohùn kan náà ló ń kùn nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fọkàn balẹ̀.

Adélù · Ìṣẹ́gun, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo wàhálà yìí! Ṣé onígìtá ò lẹ́nu ni? Kó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dùPánṣẹ́kẹ́ · Ìṣẹ́gun, 5:58 ìrọ̀lẹ́

@Adélù béèrè kẹ̀, ṣùgbọ́n mọ irú ìbéèrè tó o máa bi í. Onígìtá tó ti de gìtá ẹ̀ wálẹ̀ ní semitone kan (ìdajì ohùn) á sọ fún ẹ pé E lòun ń tẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìka ẹ̀ wà ní E. Ohun tó ń jáde jẹ́ E flat, hámóníkà A flat lo sì nílò. Ẹni tó fi capo, ìdè tó ń há okùn gìtá mọ́lẹ̀, sí ojú irin kejì tó ń tẹ G, A ló ń dún. D lo máa mú.

Àwa oníkíbọ́ọ̀dù wa tún burú jù wọ́n lọ, kí n má purọ́. Ọ̀pọ̀ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kíì kan tàbí méjì la mọ̀ dunjú, ìyókù a máa ń fi transpose gbé e. Bí pásítọ̀ bá gbé orin sókè, mo kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Bí o bá bi mí ní kíì, màá ní C, nígbà tó jẹ́ pé E flat ni ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́. Nítorí náà má bi wá pé "kíì wo lẹ ń tẹ̀". Sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní dò", ká tẹ̀ ẹ́ kí o gbọ́ ọ.

ỌmọLàfẹ́nwá · Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gbìyànjú. Mo mú orin blues kan tí wọ́n kọ "G" sí abẹ́ ẹ̀, pé kí n fi yẹ ara mi wò. Mo fi ọ̀fun wá dò bí Mọ́mì ṣe wí, mo fi béèsì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì fẹnu kò. Mo wá fa ihò 2 láti fi jẹ́rìí sí i. Kò bá a mu! Ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Mo tún kùn, mo tún fà á, kò bá a mu. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù, orin kan tí a kọ ní ìsọjí lálẹ́ àná, tí oníkíbọ́ọ̀dù ní F sharp ni, fà 2 mi bá ìyẹn mu rẹ́gí. Ṣé hámóníkà mi kì í ṣe C ni, àbí wọ́n kọ ọ́ sí i lára lásán?

OníKọ̀ǹpútà · Ọjọ́rú, 10:01 alẹ́

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ hámóníkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti áàpù tó mẹ́nu bà lọ́jọ́ Ajé, torí kò sẹ́ni tó dáhùn ẹ̀. Áàpù tó ń dárúkọ kíì máa ń ka àwọn ohùn tó wọ́pọ̀ nínú orin, á sì wá sikélì tó gbà wọ́n. Blues máa ń dojú ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́ọ̀dù orin blues G sábà máa ń jẹ́ G7, C7, D7. F tó wà nínú G7 ò sí nínú sikélì G, inú sikélì C ló wà. Áàpù rí F, ó ní "ó dáa, C ni". Ìyẹn ló fi ń bá onígìtá yín jà.

Yọ ọ́ kúrò, gba tuner lásán, irú èyí tí onígìtá fi ń de okùn. Kùn dò rẹ sí i, á kọ lẹ́tà ẹ̀ síwájú rẹ. Ìwọ lò ń mọ dò, òun kàn ń bá ẹ kọ orúkọ ẹ̀ ni. Bí ohùn rẹ bá rẹlẹ̀ ju ti akọrin lọ, kò ṣe nǹkan kan, lẹ́tà kan náà ló máa kọ.

O tún lè fọn hámóníkà rẹ sí i. Kí o wo ohun tó máa kọ fún fà 2.

BàbáÌjẹmọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 5:25 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Mouth organ làwa ń pè é nígbà tiwa. Láti ọdún 1974 ni mo ti ń fọn ọ́n, n kò sì ka lẹ́tà kankan rí. Bí mo ṣe ń ka òpó yìí bọ̀ ni mò ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tó ní fà 2 òun bá F sharp mu.

Ọmọ mi, kò sí ohun tó ṣe hámóníkà rẹ. Ìwọ lò ń fà á jù. Ihò 2 ní fífà ló máa ń fìyà jẹ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Bí o bá fi agbára fà á, tí ọ̀fun rẹ há, tí ahọ́n rẹ gbé sókè, o ti ń bẹ́ńdì ẹ̀ láìmọ̀. Ohùn G á wálẹ̀ lọ sí F sharp, ó tilẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan F. Òun lo wá ń fi wọn orin! Ó dà bí alásọ tó fi ọ̀pá tó ṣẹ́ wọn aṣọ fún oníbàárà. Bó ti wù kó kà á re tó, iye ẹ̀ ò lè pé.

Wá gbọ́. Fẹ́ 3 àti fà 2, ohùn kan náà ni wọ́n. Wò ó nínú èyí tí GìtáÌbarà tò sókè yẹn: fẹ́ ihò kẹta, G, fà ihò kejì, G. Fẹ́ 3 kì í yẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni kó o fi máa wá kíì, má fi fà 2 wá a mọ́ títí tí ẹnu rẹ á fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà máa ṣe eré yìí láràárọ̀: fẹ́ 3, fà 2, fẹ́ 3, fà 2, títí etí rẹ ò fi ní mọ ìyàtọ̀ àfi ti pé atẹ́gùn yí padà. Fà á bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ balẹ̀.

Bí mo ṣe ń mọ kíì tèmi: bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, màá gbé ọwọ́ bo hámóníkà, màá fọn fẹ́ 3 wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ àyàfi èmi. Bó bá jókòó síbẹ̀ títí tí báà 12 fi yí po, tó jẹ́ pé ó ń dùn ún nígbà mìíràn, ó ń ta kò ó díẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n tó ń padà sílé gbogbo ìgbà tí akọrin bá bẹ̀rẹ̀ ìlà, hámóníkà náà nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá dá a padà sápò, màá mú òmíràn. Onígòjé sákárà tí mo mọ̀ nígbà èwe mi kì í béèrè kíì lọ́wọ́ akọrin. Bí akọrin bá ti gbohùn, á ti yí okùn gòjé tẹ̀ lé ọ̀fun ẹ̀. Ohun tó mú ti wa le ni pé hámóníkà ò ní okùn tá a lè yí.

ỌmọLàfẹ́nwá · Ọjọ́bọ̀, 6:48 àárọ̀

Ha! Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti gba tuner tí OníKọ̀ǹpútà sọ. Fẹ́ 3: G, abẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró láàárín gbọnin. Fà 2: F sharp! Mo rọra fà á bí ẹ ṣe wí, ó gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan G, ó tún já wálẹ̀. Oṣù méjì ni mo ti ń bú hámóníkà aláìṣẹ̀.

GìtáÌbarà · Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Mo tọrọ àforíjì, èmi ni mo sọ fún un pé fà 2 ni dò láìsọ fún un pé fà 2 máa ń purọ́. Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá.

BéèsìKékeré · Ọjọ́bọ̀, 12:40 ọ̀sán

Ohun kan kù tí mo fẹ́ fi kún un kó má tún lọ máa dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan wà tí kò sí ní G, kò sí ní G sharp, àárín méjèèjì ló kó sí. Àwo onísáre 78 ayé àtijọ́, èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ìsáré ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà wọ́n sílẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 78 gan-an. Bí ẹ̀rọ tó ń lù ú bá sáré ju tìgbà tí wọ́n gbà á lọ, kíì á gòkè. Wọ́n tún kó àṣìṣe yẹn wọ inú fáìlì tí à ń gbọ́ lórí fóònù. Bí fẹ́ 3 rẹ bá sún mọ́ ọn ṣùgbọ́n tó ń gbọ̀n riri sí i, tí tuner ń ṣe bí ẹni tí ò mọ ibi tó ń lọ, fi orin yẹn sílẹ̀, mú òmíràn tí wọ́n gbà láyé òde òní fi kọ́ ara rẹ.

ÌyáAkọrin · Ọjọ́bọ̀, 3:15 ọ̀sán

Òótọ́ ni. Àwọn àwo tí Canon J. J. Ransome-Kuti kọ fún ilé-iṣẹ́ àwo orin Zonophone ní àwọn ọdún 1920, bàbá mi ní díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ ilé wa àti ẹ̀rọ ilé àbúrò ẹ̀, kíì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi máa ń kọ orin kan náà. A máa ń jà sí i.

Adélù · Ọjọ́bọ̀, 8:09 alẹ́

Ó ní C nìkan lọ́wọ́ o. Ṣé orin G nìkan ló máa fọn títí ayé?

GìtáÌbarà · Ọjọ́bọ̀, 8:44 alẹ́

Rárá. Ó lè fọn C ní first position. Ó tún lè fọn D, níbi tí fà 1 àti fà 4 ti jẹ́ dò, wọ́n ń pè é ní third position. Ibẹ̀ máa ń ní ìbànújẹ́ díẹ̀, ó dáa fún orin tó wà ní minor. Little Walter, ọ̀gá nínú fífọn hámóníkà blues, lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí fà 2 ẹ̀ balẹ̀ ná.

Bó bá fẹ́ rà sí i, A ni kó kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà D. Onígìtá blues fẹ́ràn E àti A, ìka wọn máa ń rọrùn níbẹ̀, okùn wọn á máa dún gbalasa. A fún orin E, D fún orin A, C tó ní fún orin G. Mẹ́ta yẹn á gbé e dé ibi tó jìnnà.

Kíbọ́ọ̀dùPánṣẹ́kẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́

F ni kó rà! Ṣé ẹ ti gbàgbé pé C ni onígìtá ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí? Oníkíbọ́ọ̀dù tí ò bá lo transpose, C náà ló máa tẹ̀.

BàbáÌjẹmọ̀ · Ọjọ́bọ̀, 9:32 alẹ́

Kó ra èyí tí àwọn tó ń bá fọn ní Àsẹ́rò bá ń lò jù. Kó gbé ìwé dání lọ́la, kó máa kọ kíì orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó wá ka èyí tó pọ̀ jù. Kó má ra olówó pọ́ọ́kú o, atẹ́gùn máa ń jò lára wọn, ohùn wọn kì í sì jẹ́ òótọ́. Ọ̀kan tó dáa sàn ju mẹ́ta tó ń jò.

ỌmọLàfẹ́nwá · Àbámẹ́ta, 8:20 àárọ̀

Ìròyìn ti àná. Orin méje la kọ. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí Bàbá ṣe wí: E mẹ́ta, A méjì, G kan, C kan. Onígìtá ò dárúkọ kankan fún mi, mo ní kí wọ́n má sọ. Mo rí márùn-ún nínú méje kí ẹsẹ kejì tó dé, báà karùn-ún ló tú àṣírí méjì nínú wọn. Ọ̀kan tí mo ṣì, sọ́ ni mo mú bíi dò, gẹ́gẹ́ bí BéèsìKékeré ṣe kìlọ̀. Èkejì, mo ṣì ń wá a nígbà tí wọ́n parí.

Nínú gbogbo ẹ̀, orin kan ṣoṣo ni mo lè fọn, èyí tó wà ní G. Mo lo fẹ́ 3 púpọ̀, mo rọra ń lọ fà 2 bí ẹni tó ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá tó sùn. Onígìtá tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo ní àwọn ènìyàn kan ni.

A ni màá rà. Ìyàwó mi ti gbọ́, ó ní ẹ̀yìnkùlé ṣì wà níbẹ̀.

AṣòroPa · Àbámẹ́ta, 8:26 àárọ̀

Mo ṣáà ní kí o ra méjèèjìlá. O ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ku mẹ́wàá.

Adélù · Àbámẹ́ta, 9:03 àárọ̀

Èmi náà ní ìbéèrè: orin minor ńkọ́, tí béèsì ò ṣí kúrò lójú kan rárá?

GìtáÌbarà · Àbámẹ́ta, 9:15 àárọ̀

Ṣí òpó tìẹ.